Kámẹ́rà tí kì í kágò: lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ NDPC

Sí Ọ̀mọ̀wé Vincent Olatunji,
Àjọ NDPC (Àjọ Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ní Nàìjíríà),
Abuja.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Fọ́tò ni mò ń yà jẹun. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní Ìbàdàn, láti ayé fíìmù, nígbà tí a máa ń kó o lọ fọ̀ ní láàbù ní Mọ́kọ́lá, tí a ó sì jókòó tì í títí iná yóò fi dé. Ìkómọ, ìgbéyàwó, ìwúyè, ìsìnkú, kò sí èyí tí wọn kò pè mí sí rí. Mo kọ ìwé yìí sí yín ní gbangba nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lójú mi lọ́dún tó kọjá. Ó ń dùn mí títí di òní, ẹ̀yin sì ni òfin gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́.

Wọ́n pè mí sí ìsìnkú kan. Bàbá tó kú ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó bímọ, ó kọ́lé, àwọn ọmọ ti ra aṣọ ẹbí, wọ́n ti pa màlúù. Gbogbo wa ní òkú ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú kò mọ èyí tó ń jẹ́ òkú ayọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí pósí tó jáde, Ìyá jókòó sórí ẹní nínú yàrá, ìborùn ti bọ́ sí èjìká, orí rẹ̀ wà lásán, irun funfun tí kò dì. Kò sunkún. Ọ̀rọ̀ ló ń bá ọkọ rẹ̀ sọ, àfi bíi pé ọkùnrin náà ṣì jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ òun lọ́jọ́ kan báyìí, pé òun ti dárí rẹ̀ jì í, gbèsè tí àwọn méjèèjì jọ jẹ tí ọmọ kankan kò gbọ́ sí. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Àkọ́bí wọn, obìnrin, gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọlé." Mo fi ìdérí dé ojú kámẹ́rà, mo padà sẹ́yìn, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ọmọ-ọmọ bàbá náà ni, òkè òkun ló ti wá. Awò ojú dúdú kan wà lójú rẹ̀, irú èyí tí gbogbo èèyàn ń lò. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà rẹ̀, ó di ọwọ́ wọn méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Ta ni yóò lé e jáde? Kò gbé fóònù, kò gbé kámẹ́rà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, fídíò Ìyá ti wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí tí kò dì, ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì, gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n sì ti ki orin arò bọ̀ ọ́ lábẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí ń kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń káàánú. Àwọn kan ń béèrè pé irú ẹ̀ṣẹ̀ wo ni bàbá náà ṣẹ̀ gan-an. Ọmọ kékeré kan ládùúgbò ló gbé e lọ bá Ìyá: "Ìyá, ẹ wo ara yín."

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ta ni wọn ìbá tún pè? Èmi ni mo ní kámẹ́rà. Obìnrin tó ní kí n má tíì wọlé ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyẹn?" Mo kó gbogbo mẹ́mọ́rì kádì mi, mo gun ọ̀kadà lọ sílé wọn, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń tì wọ́n bọ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, fọ́tò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, èmi sì dúró bí ẹni tí wọ́n bá ẹrù olè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọn kò rí nǹkan kan ni a wá padà sídìí fídíò náà fúnra rẹ̀. A tún un wò, a sì rí ohun tó yẹ kí a ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ẹni tó ń ya fídíò hàn nínú fídíò. Wọ́n di ọwọ́ Ìyá mú. Ojú ló fi yà á.

Wọ́n pe ọmọ náà. Kò jiyàn. Ó ní ìrántí ìyá àgbà òun ni òun fẹ́ tọ́jú, òun kò mọ̀ pé yóò dà báyìí. Ó yọ ọ́ kúrò níbi tó gbé e sí, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti kó o, omi ti dànù. Ó bọ́ awò ojú náà, ó fi hàn wá. Ihò tíńtín kan wà ní igun rẹ̀ kan, iná tíńtín kan wà ní igun kejì. Ó ní iná yẹn ń tàn ní gbogbo ìgbà tí òun ń yà á, pé òun kò fi pamọ́. Àkọ́bí wọn ní, "Mo rí i. Mo rò pé oòrùn ló ń kọ mànà lára gíláàsì ni."

Ọ̀gá wa, nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ilé ni wọ́n ti kọ́ wa: bí o bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, o kágò. Onílé tó bá fẹ́ kí o wọlé á dá ọ lóhùn pé àgò yà. Bí ó bá wà ní ìhòòhò, á ní kí o dúró ná, á fa aṣọ bora. Ẹni tó wọlé láìkágò, bí kì í bá ṣe olè, ẹni tí kò rí ẹ̀kọ́ ilé gbà ni. Kámẹ́rà tí mò ń gbé kọ́rùn máa ń kágò. Ó dúdú, ó tóbi, ó wúwo. Bí mo bá gbé e dé ojú, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rí i, iná rẹ̀ á sì bù yẹ̀rì. Ìyàwó á tún gèlè ṣe. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wá síbi ìnáwó á yí ẹ̀yìn padà.

Ẹ lè ní àwa ayàwòrán òde pàápàá kì í béèrè kí a tó yà. Òótọ́ ni. A máa ń yà wọ́n lórí ijó, a máa ń yà wọ́n lórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí òde tó tú, a ti tẹ fọ́tò náà jáde, a ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́bàá géètì, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀, wọn á máa wá ojú ara wọn. Ẹni tó fẹ́ á rà. Ẹni tí inú bí á ní, "Fa èyí ya," èmi a sì fà á ya lójú rẹ̀. Mo ti fa ọ̀pọ̀ ya láyé mi, owó mi ni mo sì ń fà ya, ṣùgbọ́n olójú ló ni ojú rẹ̀.

Ẹ bá mi dé Bódìjà, ní ọ̀dọ̀ àwọn aláta. Bí mo bá gbé kámẹ́rà sókè níbẹ̀, ohun tí mo máa kọ́kọ́ rí ni ọwọ́. Obìnrin náà á nà án síwájú ojú, àtẹ́lẹwọ́ tó ti pọ́n nítorí ata, á ní, "Kí lo fẹ́ fi fọ́tò mi ṣe?" Ìbéèrè yẹn kún ju ọ̀pọ̀ ìwé òfin lọ, mo sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Nígbà mìíràn, ìdáhùn mi á tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbọn ṣòkòtò ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á to ata rẹ̀ dáadáa, á jókòó ire. Nígbà mìíràn á ní rárá, èmi a máa bá tèmi lọ. Láàárín ìgbà tí mo gbé kámẹ́rà sókè sí ìgbà tí mo máa tẹ̀ ẹ́, bóyá ni ó fi ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Inú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ni ọwọ́ aláta ti rí àyè dìde. Ohun tí awò ojú oníkámẹ́rà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Oníbàárà lásán ló rí, ó ń bá a dúnàá-dúrà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹgbẹ̀rún èèyàn sì ti wà nínú ojú tó ń wò.

Mo wá ìtàn àwọn awò yìí lọ kí n tó kọ̀wé sí yín, kí n má baà sọ ohun tí n kò mọ̀. Google ló kọ́kọ́ gbé èyí tó lókìkí jáde, ní 2013, ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ $1,500. Lọ́dún kan náà ni ilé ọtí kan ní Seattle ti kéde pé ẹni tó bá lò ó kò gbọdọ̀ wọlé, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2015, Google ti dá títà rẹ̀ fún ará ìlú dúró. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ yé mi. Ohun náà ṣàjèjì lójú èèyàn, ó yọ sókè lórí ojú bí egungun ẹja, ẹnikẹ́ni tó bá rí i ti mọ̀ pé kámẹ́rà ni. Kò fẹ́ kágò, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ ń bá a kágò. Ní 2021 ni ilé-iṣẹ́ Meta (tó ṣì ń jẹ́ Facebook nígbà náà) àti EssilorLuxottica tó ni Ray-Ban wá gbé tiwọn dé, $299, wọ́n sì ṣe é kó jọ awò ojú tí bàbá ẹnikẹ́ni lè lò. Wọ́n tún un ṣe ní 2023. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2025, EssilorLuxottica kéde pé àwọn ti ta mílíọ̀nù méjì láti ìgbà náà. Lójú tèmi, ohun tó pa ti Google ni pé a rí i. Ohun tó ń ta tiwọn báyìí ni pé a kò rí i.

Wọ́n fi iná sí i lóòótọ́, iná funfun tó ń tàn nígbà tí kámẹ́rà bá ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 kan náà, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tiyín ní Ireland àti ti Ítálì bi wọ́n léèrè bóyá iná tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó láti sọ fún èèyàn pé wọ́n ń yà á. Ireland ni wọ́n ti béèrè o, níbi tí ojú ọjọ́ ti máa ń ṣú. Kí wá ni ká sọ nípa Bódìjà ní agogo méjìlá ọ̀sán, nígbà tí oòrùn ń ran lára gbogbo páànù àti gbogbo gíláàsì? Ní 2025, àwọn oníròyìn ní Amẹ́ríkà rí ẹnì kan tó ń gba $60 láti pa iná náà kú fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn mìíràn tún wà lọ́jà, tó pọ́ọ́kú, tí kò tilẹ̀ níná kankan. Ká tilẹ̀ ní gbogbo iná ń tàn, ká ní kò sí ẹni tó pa á, àkọ́bí Ìyá rí i. Ó rí i, kò mọ ohun tó ń wí. Àgò tí onílé kò gbọ́ èdè rẹ̀, àgò kọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá fídíò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Harvard so irú awò yìí mọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ojú èèyàn wá fọ́tò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wo àwọn tí wọn kò mọ̀ rí lójú ọ̀nà, orúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé wọn sì ń jáde sórí fóònù. Wọn kò tà á, wọn kò pín in fún ẹnikẹ́ni. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe. Ọdún kan lẹ́yìn náà, yunifásítì kan ní San Francisco kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nípa ọkùnrin kan tó ń lo irú awò yìí láti sún mọ́ àwọn obìnrin. Ọmọbìnrin mi wà ní yunifásítì. Ẹ mọ ibi tí ọkàn mi lọ nígbà tí mo ka ìyẹn.

Kì í ṣe pé àwa Yorùbá ò mọ̀ pé ohun kan wà tí a kì í wò, tàbí ibi kan wà tí a ti ń gbójú kúrò. Kò sí ayàwòrán kan ní Ìbàdàn tó ya ọdún egúngún tí kò mọ ibi tí yóò ti gbé kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀, kò sì dìgbà tí wọ́n bá lẹ ìwé mọ́ ògiri. Àwọn àgbà á ṣẹ́jú sí ọ, ó parí. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa ṣẹ́jú sí nísinsìnyí? Awò tí kò mọ awo ti dé, àwọn àgbà kò sì dá a mọ̀ láàárín awò.

Mo mọ̀ pé ìjọba fúnra rẹ̀ kò ṣàìmọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ibi tí kò yẹ ní yíyà. Láti 1962 ni Òfin Àṣírí Ìjọba ti wà. Ẹ lọ gbé kámẹ́rà sókè níwájú bárékè, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá ìrọbí ńkọ́? Yàrá tí wọ́n ti ń wẹ òkú ńkọ́? Ibi tí obìnrin ti ń ṣí orí sílẹ̀ fún onídìrí, tí ìyàwó ilé mìíràn kò jẹ́ kí ọkọ òun rí bẹ́ẹ̀? Ògiri bárékè ní àkọlé, tiwọn kò ní.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ló gbé yín ró. Mo gba ẹ̀dà rẹ̀, ọmọ mi ló bá mi túmọ̀ ibi tó ṣòro. Ẹ̀ka kẹta rẹ̀ yọ ẹni tó bá ń lo ìsọfúnni fún ara rẹ̀ tàbí fún inú ilé rẹ̀ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí àṣírí rẹ̀ lójú. Ẹ̀tọ́ yẹn sì ti wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 37. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Ìyá ti há. Ọmọ inú ilé ló yà á. Inú ilé ló ti yà á. Ìrántí ilé ló ní òun fẹ́. Ìgbà wo ló wá jáde kúrò ní ti inú ilé? Ṣé ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ ni, àbí ìgbà tó gbé e síta? Àwọn ẹbí bi mí bóyá àwọn lè fẹjọ́ sùn yín, n kò lè dá wọn lóhùn. Àwọn lọ́yà méjì tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n sọ kò bára mu. Ẹ gbé ìlànà ńlá kan jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ojú ewé kan kún un, kí ó sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá fi kámẹ́rà tí a kò rí ya èèyàn, tó sì gbé e fún gbogbo ayé, kò sí lábẹ́ ti inú ilé mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú ẹni. Kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò, lórí rédíò, kí aláta gbọ́.

Ẹ̀rù kan ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ wa gbé sókè. Fídíò ló dá iná EndSARS, fídíò ló jẹ́ kí ìjọba kéde ní 11 oṣù náà pé àwọn ti tú SARS ká. Ní alẹ́ 20, ní Lekki, orí Instagram ni DJ Switch ti ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Mo jókòó sílé ní Ìbàdàn, mò ń wò ó, ọwọ́ mi wà lórí. Bí òfin kan bá wà nígbà yẹn tó ní kí ẹnikẹ́ni má ya ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ, àwọn tó mú ìbọn lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Mo ti rí ọlọ́pàá tó já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ, tó ní ó ń ya òun láìgbàṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìlànà tí yóò di pàṣán lọ́wọ́ irú wọn. Ẹni tó wọ aṣọ ìjọba, tó dúró lójú títì, tó ń ṣe iṣẹ́ ìlú, ìlú ló ni wíwò rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kágò fún un. Ìjọba Èkó pàápàá ti gbé kámẹ́rà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan láyà, ó sì wà níbẹ̀ gbangba, awakọ̀ rí i, ó mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Opó tó ń bá òkú ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò wọ aṣọ ìjọba. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì yìí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ kó hàn kedere.

Mi ò sì ní kí ẹ lé awò náà kúrò nílùú. Àwọn afọ́jú ń lò ó, ó ń ka ohun tó wà lára agolo oògùn fún wọn, ó ń sọ fún wọn ẹni tó ń bọ̀ àti ibi tí àtẹ̀gùn wà. Ẹni tó bá gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, ìkà ló ṣe.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún jù ni pé kí ó dún. Ní South Korea, láti 2004 ni wọ́n ti ní kí fóònù tó ní kámẹ́rà máa dún nígbà tó bá ń ya fọ́tò, láti ìwọ̀n 60 dé 68 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, kí ẹni tó ni ín má sì lè pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Iná kò tó wa. Oòrùn wa pọ̀ jù, àwa náà sì pọ̀ níbi kan náà. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í pẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí awò ojú tó bá fẹ́ ya fídíò ké ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa ké lóòrèkóòrè bí ó bá ń yà á lọ. Bí àwọn ọmọ kékeré bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn á ti sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí gbogbo ọjà á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ lè bá àjọ NCC sọ ọ́, nítorí àwọn ló ń fọwọ́ sí irinṣẹ́ tó ń lo ìgbì afẹ́fẹ́ kó tó wọ ọjà wa, awò wọ̀nyí sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lórí ìgbì yẹn. Èyí tí kò bá dún, kí wọ́n má fọwọ́ sí i.

Ní ti yàrá ìrọbí, ilé ìwòsàn, ilé-ìwé àwọn ọmọdé, ilé ìwẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú òkú, ẹ jẹ́ kí àkọlé wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó ní awò oníkámẹ́rà bọ́ ọ sílẹ̀ bí a ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Kò sí ẹni tó ka bàtà bíbọ́ sí ìyà.

N kò ṣiyèméjì pé ẹ lágbára rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ẹ ní kí Meta san mílíọ̀nù 32.8 dọ́là lórí bí wọ́n ṣe ń lo ìsọfúnni àwa ọmọ Nàìjíríà. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí àjọ wa ṣe. Ẹ ti bá àwọn ńlá jà. Ìyá Ìbàdàn kan ni mo wá gbé kalẹ̀ fún yín yìí.

Ilé yẹn tún pè mí ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìkómọ ni. Mo kágò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n wọlé. Ìyá jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, gèlè rẹ̀ le dan-in-dan-in, ọmọ tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lo awò ojú, nítorí ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. Ìyá wò mí, wò mí. Ó ní, "Fọ́tò, sún mọ́ mi. Bọ́ awò ojú ẹ yẹn."

Mo bọ́ ọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e kọ ojú fèrèsé. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra igun rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ra ti òsì, wọ́n fọwọ́ tọ apá rẹ̀ méjèèjì dé ìparí, wọ́n gbé e sójú ara wọn. Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Wọ́n wá gbé e padà fún mi.

"Ó dáa," Ìyá ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ ni kí o yà. Má ya èmi."

Èmi ni tiyín,
Ayàwòrán kan ní Ìbàdàn.